Bọ́tìnì Mẹ́ta

“Ó tún ti tì í,” ni Alágbàfọ̀ wí, ó sì yí ojú fóònù rẹ̀ sí Pẹ́pẹ́yẹ kí òun náà lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Pẹ́pẹ́yẹ ń ká aṣọ ibùsùn lọ́wọ́. Kò dáwọ́ dúró, ọrùn nìkan ló nà. Èsì tó wà lójú fóònù kò gùn: “Rárá. Bọ́tìnì mẹ́ta ni, mẹ́ta náà ni yóò sì máa jẹ́. Mo ti ti ìbéèrè yìí.”

“Ọkùnrin yìí le o,” ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. “Bí wọ́n bá ní kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì á sùn síta. O ò ṣe kúkú sọ fún un pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ ẹ? Bó jẹ́ òkúta ni, àánú á ṣe é.”

“Ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́.”

“Ṣé ọkọ ẹ wà níbí ni?”

Alágbàfọ̀ fi fóònù sí àpò, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. “Tí òun ò bá sí níbí,” ó ní, “ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ wà níbí.”

Pẹ́pẹ́yẹ mi orí. Wọn kò sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ lásán. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọ̀rọ̀ kan kò sì lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má fi tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni Alágbàfọ̀ lè bá sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ nínú ilé ìfọṣọ ńlá náà, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn àti ti ilé ìtura láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Wẹ́dà ni tọmọdé tàgbà ń pe ọkọ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe kí géètì tó wó lù ú. Géètì ọ̀hún, òun fúnra rẹ̀ ló jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e ró ni ṣéènì já, irin sì bọ́ lé ọwọ́ òsì rẹ̀. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Wọn kò gé ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ kò lè dì mọ́. Ó kàn wà níbẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ tí ẹnì kan gbàgbé sórí tábìlì.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dun Wẹ́dà jù. Ohun tó dùn ún ni ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà tó lọ lẹ́yìn tó kúrò nílé ìwòsàn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ dìde, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣàánú arákùnrin wa tó ti di aláàbọ̀ ara.” Arákùnrin tí wọ́n ń wí rèé, ó jókòó sí ìlà iwájú, ó dé fìlà. Ó dìde, ó jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Wẹ́dà kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Ẹni tó fi í ṣẹ̀sín nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó ṣì ń bá a yodì títí dòní. Bí ẹ bá ní kó ka orúkọ àwọn tí òun àti wọn kì í kíra, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé àárín.

Lẹ́yìn tó jókòó sílé, ohun kan ṣoṣo ló béèrè fún: ẹ̀rọ géèmù àgbéléwọ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà àpọ́n. Ojú ẹ̀rọ náà wà láàárín, bọ́tìnì wà lápá ọ̀tún, bọ́tìnì wà lápá òsì, méjì tún wà lókè, ní èjìká rẹ̀, ọ̀kan sì wà láàárín, lábẹ́ ojú ẹ̀rọ. Géèmù ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù gun òkè ló fẹ́ràn jù. Ọwọ́ méjèèjì sì ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà.

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ilé wọn ló sọ fún Alágbàfọ̀ nípa Bọ́tìnì Mi. Kì í ṣe iṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní Onírinṣẹ́ ló jókòó sílé rẹ̀ tó kọ ọ́, tó sì gbé e sórí ayélujára kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wà fún ni pé kéèyàn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bọ́tìnì kan kó gbé e fún òmíràn. Wọ́n fi í sínú káàdì ẹ̀rọ náà. Alágbàfọ̀ kó gbogbo iṣẹ́ apá òsì fún apá ọ̀tún, Wẹ́dà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí tábìlì, kò sì pẹ́ tó fi ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀ ojú irin gun òkè bí ẹni tí wọ́n bí i mọ́.

Ìṣòro kan ló kù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, Bọ́tìnì Mi ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí, kò sì ṣeé ṣí àfi kéèyàn tẹ bọ́tìnì èjìká méjèèjì àti ti àárín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wẹ́dà fi àgbọ̀n dán an wò, ó fi orúnkún dán an wò, pàbó ló já sí. “Ìyàwó, wá bá mi ṣí i,” ló kù. Bí ìyàwó bá sì ti lọ síbi iṣẹ́ tí bátìrì tán, ó di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, kò pè é mọ́. Alágbàfọ̀ bá ẹ̀rọ náà nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kì í wọ̀ mọ́. “Ó ti sú mi,” ni Wẹ́dà wí. Bó bá jẹ́ pé géèmù nìkan ló sú u, ì bá dára. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ mọ́. Kò ní kí wọ́n bá òun gé ẹran, ṣe ló kúkú pa ẹran tì. Kò ní kí wọ́n bá òun de bọ́tìnì ẹ̀wù, ṣe ló ń ṣí àyà sílẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ lójúmọ́ kò kún ìkòkò. Ẹ̀rù ọ̀hún ló ba Alágbàfọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Onírinṣẹ́, pé kó jẹ́ kí ohun tó kọ ṣeé ṣí pẹ̀lú bọ́tìnì kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Onírinṣẹ́ tì í lẹ́ẹ̀kejì, Wẹ́dà wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

“O tún ti bá ọkùnrin bọ́tìnì yẹn sọ̀rọ̀.”

“Ẹ kú ilé o. Mo bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí ló wí?”

“Rárá ló wí.”

“O sọ ti ọwọ́ mi fún un?”

“N ò sọ ọ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má fi ọwọ́ mi tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ohun tí ò ń béèrè bá dáa, kó ṣe é torí pé ó dáa. Bí kò bá dáa, kó fi sílẹ̀.”

“Ó dáa. Òun ló lórí kunkun.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi náà lórí kunkun. Ilé yìí ni mo ti kọ́ ọ.”

Ẹ̀rín yọ sí igun ẹnu Wẹ́dà, ó sì tún padà síbi tó ti wá. Alágbàfọ̀ rí i. Ìwọ̀nba tó rí yẹn ló gbé lọ sí ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó ṣí ojú ewé Onírinṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè pátápátá, níbi tí kò kà dáadáa tẹ́lẹ̀. Onírinṣẹ́ ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: “Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan, kó sọ ohun tó ṣe, ohun tó fẹ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ ṣàlàyé fún mi.”

Ó wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà ní rere. Ojú tì í díẹ̀. Ó pa gbogbo ẹ̀bẹ̀ tì, ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ kú iṣẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ bọ́tìnì mẹ́ta?”

Èsì ti dé kó tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà kò gbó mọ́ ọn. Ó ní níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bọ́tìnì kan ló ń ṣí Bọ́tìnì Mi. Ẹ̀rọ á wà nínú àpò èèyàn, nǹkan á ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì, Bọ́tìnì Mi á ṣí bo géèmù lójú. Ẹnì kan pàdánù gbogbo ohun tó ti ṣe láti àárọ̀, ó sì bú u tìyá tìyá. Ìdí nìyẹn tó fi di mẹ́ta: ohun tó bá gba ọwọ́ méjèèjì kì í ṣèèṣì.

Alágbàfọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, ó dúró sídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Òun náà mọ irú ìyẹn. Irin gbígbóná ẹ̀rọ náà kì í sọ̀ kalẹ̀ àfi kéèyàn fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́tìnì apá ọ̀tún, kó fi ọwọ́ òsì tẹ ti apá òsì, kí ọwọ́ kankan má baà wà lábẹ́ irin. Kò sí ẹni tó ń bá a jà, nítorí iná kì í ṣeré. Ó yíjú sí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni tiyẹn ní. Pẹ́pẹ́yẹ a máa fi ìdí gbá a kọjá nígbà gbogbo, kò sì gbéra rí, nítorí pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má tú u sílẹ̀ títí iná pupa á fi tàn.

“Pẹ́pẹ́yẹ,” ó ní, “ìdí ẹ yìí wúlò.”

“Mo mọ̀. Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?”

Lásìkò ìsinmi, ó kọ ọ́ ránṣẹ́: kí Onírinṣẹ́ jẹ́ kéèyàn tẹ bọ́tìnì àárín mọ́lẹ̀, kó má sì tú u sílẹ̀ títí ojú ẹ̀rọ á fi ṣú díẹ̀. Nǹkan inú àpò lè ta bọ́tìnì, ṣùgbọ́n kò ní dì í mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ó ṣàlàyé Pẹ́pẹ́yẹ, àmọ́ kò dárúkọ ìdí.

Onírinṣẹ́ dáhùn: “Èyí bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ta ló nílò rẹ̀? Ìwọ nìkan lò ń béèrè. Èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ yìí, lẹ́yìn tí mo bá tibi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ dé. N kò lè torí ẹnì kan tú ohun tí gbogbo èèyàn ń lò.”

“Ó tán,” ni Pẹ́pẹ́yẹ wí nígbà tó kà á. “Èèyàn ló ń béèrè, èèyàn la máa fún un. Màá forúkọ sílẹ̀ bí Ìyá Àgbà, màá tún forúkọ sílẹ̀ bí Akẹ́kọ̀ọ́, màá ṣe Ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Kó tó dọ̀sán, màá ti di ìlú kan.”

“Ìlú tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bíi tìẹ? Kò ní pẹ́ mọ̀.”

“Kò lè mọ̀.”

“Irọ́ ì báà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Tó bá sì mọ̀, ó ti ilẹ̀kùn yẹn pa nìyẹn. Ọkọ mi ní kó ṣe é torí pé ó dáa. N ò ní fi irọ́ gbà á wálé fún un.”

“Àgídí ń bẹ lára yín lọ́kọ láya. Àfi kẹ́ ẹ máa tà á.”

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kò ní wo ẹnu àáké. Alágbàfọ̀ lọ sí ojú ewé tí gbogbo àwọn tó ń lo Bọ́tìnì Mi ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó sì bi wọ́n léèrè bóyá ó ti ṣe ẹlòmíràn rí pé kó fẹ́ ṣí i, kí ọwọ́ kan má sì ráyè.

Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ìyá.” Ẹlòmíràn dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé géèmù ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹrù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú dé. Obìnrin kan ní òun ń fún ọmọ lọ́mú, ọwọ́ òsì òun ló gbé ọmọ. Ọkùnrin kan ní nínú ọkọ̀ ni òun ti ń ta tòun, òun sì gbọ́dọ̀ di irin òkè mú kóun má baà ṣubú lé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹnì kan ní àkàrà ni òun ń jẹ, òróró wà lọ́wọ́ òun, wọ́n sì bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ wá láti ẹnu àwọn tí bọ́tìnì èjìká ẹ̀rọ wọn ti kú. Ẹ̀rọ náà ti gbó, ibi tó sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ìyẹn ì báà ní ọwọ́ mẹ́wàá, wọn kò lè ṣí i mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pa Bọ́tìnì Mi tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Onírinṣẹ́ wọlé sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀. “N kò mọ̀ nípa ti bọ́tìnì tó kú,” ó kọ ọ́. “Ẹ̀yin náà kò sì sọ fún mi. Ó dáa. Màá ṣe é.”

Alágbàfọ̀ kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó fi í pamọ́ títí ẹ̀dà tuntun fi jáde, ó gbé káàdì lọ bá ọkùnrin ìsàlẹ̀, ó sì gbé e padà wá láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ náà lábẹ́ aṣọ iṣẹ́, ó nù ún, ó gbé e síwájú Wẹ́dà lórí tábìlì.

“Kí lèyí?”

“Ó ti ṣe é. Ọwọ́ kan ló ń ṣí i báyìí. N ò sì sọ̀rọ̀ ọwọ́ yín fún un, n ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ṣe é torí pé ó dáa.”

Wẹ́dà wò ó, ó wo ẹ̀rọ náà. Ó pẹ́ kó tó na ọwọ́ sí i. Ó tàn án, ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì àárín mọ́lẹ̀, kò sì tú u sílẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dúró síbi tó dúró sí.

“Ẹ dúró ná,” ni Alágbàfọ̀ wí. Ó wá ojú ewé Onírinṣẹ́ lórí fóònù, ó sì tẹ́ ẹ síwájú ọkọ rẹ̀. Wẹ́dà tẹ orí ba, ó kà á sókè: “Ẹ̀dà tuntun ti jáde. Alágbàfọ̀ ló rojọ́ fún mi títí tí mo fi gbà. Bí ẹ ó ṣe tan Ọ̀nà Bọ́tìnì Kan nìyí: ẹ tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wọ ojú ewé Ètò...”

Ó padà ka ibẹ̀. Alágbàfọ̀ kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn Wẹ́dà, èjìká rẹ̀ ń mì, ó sì pẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

“Ọkùnrin yìí,” ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀, “ó ti èèyàn mọ́ta, ó wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kọ́kọ́rọ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó na ọwọ́. “Ẹ gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí mo bá ti tàn án báyìí, kò tún ní kú mọ́, ẹ ò sì ní pè mí sí i mọ́ láéláé.”

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ti ń lé kiri nìyẹn. Ṣùgbọ́n Wẹ́dà kò gbé ẹ̀rọ náà fún un.

“Ìwọ wà níbí,” ó ní. “Ẹni tí kò ní ìyàwó ńkọ́? Ẹni tí bọ́tìnì èjìká ẹ̀ ti kú ńkọ́, ṣé ìyàwó á jí bọ́tìnì dìde fún un ni? Bí mo bá jó géètì tí ẹni tó wà níta ò lè ṣí, ṣé ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi á gbà á?”

“Kò ní gbà á.”

“Kò tíì parí iṣẹ́ ẹ̀. Gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi.”

Ó tẹ́ fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ń fi àtàǹpàkò kan kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á bó ṣe ń jáde. “Ohun tí mo ṣe: mo gba ẹ̀dà tuntun, mo tẹ bọ́tìnì àárín mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́: kí Ọ̀nà Bọ́tìnì Kan ti wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò fẹ́ ẹ lọ pa á. Ohun tó ṣẹlẹ̀: kò ṣí. N kò sì lè tàn án, nítorí pé”

Àtàǹpàkò dúró lókè fóònù. Ọmọ ọwọ́ wà tó lè fi kún un, irin inú ọkọ̀ wà, bọ́tìnì tó kú wà. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni á já ní koro. Alágbàfọ̀ mọ gbogbo wọn lórí.

“ọwọ́ òsì mi kò ṣiṣẹ́,” ni Wẹ́dà kọ. “Irin ló wó lù ú.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yọ nǹkan kan kúrò, ó sì fi í ránṣẹ́. Alágbàfọ̀ na ọwọ́ láti gba fóònù rẹ̀ kó lè lọ wá nǹkan tí wọ́n máa jẹ.

“Dúró,” ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ òsì di fóònù náà mú kó má baà yọ̀. “N ò tíì ṣe tán. Àwọn lẹ́tà tó ń kọ sójú ẹ̀rọ yìí ti kéré jù, àgbàlagbà ò lè kà á. Ó yẹ kó gbọ́ ìyẹn náà.”